Ọ́fíìsì Mi Lórí Àtẹ̀gùn Keje

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi yín lọ́kàn balẹ̀: n kò ṣẹ̀wọ̀n rí. Ẹni tó bá ti gbọ́ nǹkan míì níbi iṣẹ́ wa, kó padà lọ tún un gbọ́.

Wàhálà Wi-Fi ló fà á. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ilé wa, ẹ mọ bó ṣe rí: ìsàlẹ̀, àárín, òkè pátápátá, kọnkéré àti irin láàárín wọn bíi pé ogun ń bọ̀. Ráùtà, ẹ̀rọ tó ń pín Wi-Fi, wà nísàlẹ̀, yàrá tí mo ti ń ṣiṣẹ́ wà lókè. Nísàlẹ̀, fídíò ń ṣàn bí omi. Ní àárín, àwòrán á yọ dé ọrùn, á dúró. Lọ́dọ̀ tèmi, kẹ̀kẹ́ kékeré yẹn ni mo máa ń wò, á máa yí, á máa yí, títí oorun á fi gbé mi lọ.

Ẹ ó ní kí ló dé tí n kò kúkú sọ̀ kalẹ̀ lọ sísàlẹ̀. Ẹ̀yin ẹ wá bá àwọn ọmọ mi gbé ná.

Ṣùgbọ́n nínú gbogbo àtẹ̀gùn tó wà nílé yẹn, ẹyọ kan wà tí nẹ́tíwọ̀kì yàn láàyò: ìkeje. Ìkẹfà kò gbà. Ìkẹjọ kò gbà. Mo ti sún ìdí síwá sẹ́yìn níbẹ̀ bí adìyẹ tó fẹ́ yé. Ìkeje ni, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, kí èèyàn ká orúnkún sókè díẹ̀. Bí mo ṣe sọ ọ́ di ọ́fíìsì nìyẹn fún oṣù mẹ́ta gbáko. Ìyàwó mi á gbé ìgbálẹ̀ dé, n ó gbé ẹsẹ̀ sókè níṣojú ọ̀gá àgbà nínú ìpàdé orí fídíò. Àbíkẹ́yìn mi á fò mí kọjá bí ẹni fo kòtò. Àkọ́bí mi, tí yàrá tiẹ̀ náà wà lókè, bẹ̀rẹ̀ sí í dúró lórí ìkẹjọ: "Dádì, ẹ ti pẹ́ jù, ó kàn mí." Èmi olórí ilé ni wọ́n ń ka ìṣẹ́jú fún.

Lọ́jọ́ kan tí ìpàdé parí, ọ̀gá wa ní kí n dúró díẹ̀. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣé kò sí o? Níbo lo wà gan-an?" Mo ní, "Ilé ni mo wà, sà." Ó ní, "Irin wo ló wá wà lẹ́yìn ẹ yẹn?"

Mo bojú wẹ̀yìn. Irin ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn ni: dúdú, gbọọrọ, ó tò láti orí dé ẹsẹ̀. Gílóòbù kan ṣoṣo ń tàn lórí mi. Síńgílẹ́ẹ̀tì ni mo wọ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ la ẹnu láti ṣàlàyé ni kọ́kọ́rọ́ dún gbinrin nísàlẹ̀, tí ìyàwó mi sì pariwo bíi wọ́dà: "Àsìkò ti tó o! Ẹ dìde níbẹ̀!"

Ọ̀gá mi ní òun yóò máa fi mí sínú àdúrà.

Ojú tì mí dé ibi tí mo fi pe ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀jọ̀gbọ́n tí kò lọ iléèwé nǹkan kan. Ó ní kí n ra extender, ẹ̀rọ tó ń gba Wi-Fi lọ́wọ́ ráùtà, tó sì ń tún un pín síwájú. Mo rà á, mo so ó mọ́ iná nínú yàrá mi. Áà! Nẹ́tíwọ̀kì kún bámú lórí fóònù. Mo pe gbogbo ilé wá wò ó. Mo tẹ fídíò, kẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ẹ̀rọ tí kò gbọ́ nǹkan kan láti ìsàlẹ̀, kí ló fẹ́ bá mi tún sọ? Àìsí ló ń pín fún mi, ó sì ń pín in pẹ̀lú agbára.

Ẹ̀gbọ́n mi ní nínú ọ̀nà méjì tí ráùtà mi ń gbà fi Wi-Fi ránṣẹ́, kí n pa 2.4 GHz, kí n lo 5 GHz nìkan. "Ṣé 5 kò ju 2.4 lọ ni?" Ìṣirò náà pé. Mo pa á. 5 GHz yá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ògiri tètè máa ń rẹ̀ ẹ́. Àtẹ̀gùn keje náà kú lọ́jọ́ yẹn.

Mo wá pe ọmọkùnrin kan tó mọ iṣẹ́ náà. Ó wo òkè, ó wo ìsàlẹ̀, ó bi wá: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ráùtà ọ̀hún dà?"

Kẹ́kẹ́ pa. Àkọ́bí mi ló dáhùn: "Ó wà lẹ́wọ̀n."

Mo yọ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn. Kọ́bọ́ọ̀dù onírin ni mo fi í sí, kí àwọn ọmọ má bàa fọwọ́ kàn án. Mo ti ilẹ̀kùn ẹ̀ pa. Mo gé ihò kan sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kí ooru má pa á. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀, ó fi ojú kan wo inú ihò náà. Ó na ìka. Àtẹ̀gùn keje ló dojú kọ, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún.

Kò rẹ́rìn-ín. Ó jẹ ètè ni. Ó gbé ráùtà jáde síta gbangba, ó fa wáyà kan gòkè gba ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó sì so ẹ̀rọ míì mọ́ ọn lókè lọ́hùn-ún. Wákàtí méjì péré.

Kọ́bọ́ọ̀dù náà ṣì wà níbẹ̀. Kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀ mọ́. Ní àná, mo tún bá ara mi níbi tí mo ti ń tì í.