Ẹ Bá Mi Dúpẹ́, Mo La Kòrónà Já ní Àgbádárìgì

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi gbé ọpẹ́ yìí dé ọ̀dọ̀ Ọlọ́run. Ó ti pẹ́ lọ́kàn mi, ìtìjú ni kò jẹ́ kí n sọ ọ́. Iṣẹ́ aṣẹ́wó ni mo ń ṣe ní Àgbádárìgì nígbà tí kòrónà dé.

Àwa mẹ́fà la wà ní hòtẹ́ẹ̀lì kan lójú ọ̀nà Sẹmẹ̀. Awakọ̀ tírélà àtàwọn tó ń kó ọjà gba bódà ni oníbàárà wa. Láti oṣù Kẹjọ 2019 tí ìjọba ti ti bódà lọwọ́ wa ti gbẹ. Àjọ tí à ń dá ní ₦500 lójúmọ́ di ₦200. Nígbà tó wá di 30 oṣù Kẹta, 2020, tí wọ́n ní kí onílé gbélé ní gbogbo Èkó, ọ̀gá ní ẹni tí kò bá lè san owó yàrá ọjọ́ yẹn kó máa lọ. Kílẹ̀ tó ṣú, ẹrù wa ti wà níta.

Ìyá kan tó ń ta epo àgbọn lọ́jà Agbalátà ló ṣílẹ̀kùn fún wa. Yàrá tó ń kó àgbọn sí ni àwa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sùn. Kò bi wá pé kí là ń ṣe jẹun, ó mọ̀. Kò ní sunkún ọmọ láéláé.

Ẹni tó kéré jù nínú wa ni àjọ kàn lóṣù yẹn, ₦36,000. Ọmọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, òun ló fẹ́ fowó náà ránṣẹ́ sí. Ó tú u sórí ẹní, ó ní, "Ẹ̀yin àǹtí mi, ẹ jẹ́ ká ra gààrí." Nígbà tí wọ́n ń pín oúnjẹ ìrànwọ́ ládùúgbò, orúkọ onílé àti ayálégbé ni wọ́n kọ. Àwa kò sí nínú méjèèjì. Owó ọmọ yẹn la jẹ.

Ní 4 oṣù Karùn-ún ìjọba dẹwọ́ díẹ̀: kẹ́nikẹ́ni má jáde láti aago mẹ́jọ alẹ́ sí mẹ́fà àárọ̀. Aago mẹ́jọ alẹ́ gan-an niṣẹ́ tiwa ń bẹ̀rẹ̀! Ẹni tó bá yọ́ jáde, bí kò bọ́ sọ́wọ́ ọlọ́pàá, á bọ́ sọ́wọ́ oníbàárà tó mọ̀ pé ebi ń pa á, tí yóò ní òun kò ní lo rọ́bà, ìdajì owó lòun sì máa san. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo jáde. Ohun tójú mi rí lẹ́ẹ̀kejì, Ọlọ́run nìkan ni mo sọ ọ́ fún. Ó mú mi wálé láàyè. Àyẹ̀wò tí mo ṣe lẹ́yìn rẹ̀ kò rí àrùn kankan lára mi. Ẹ bá mi dúpẹ́.

Ìyá alágbọn kọ́ mi ní gúrúdì ṣíṣe, òun ni mo fi ń jẹun lónìí. Nígbà tí bódà ṣí lóṣù Kejìlá, àwọn mẹ́ta padà sẹ́nu iṣẹ́. Mi ò bá wọn wí, a ṣì ń kíra.

Àbúrò mi tó tú àjọ rẹ̀ sílẹ̀ ti lọ kí n tó rówó san. Bó o bá ń ka èyí, ₦6,000 rẹ tó wà lọ́rùn mi, mo ti yà á sọ́tọ̀. Ọ̀dọ̀ ìyá alágbọn náà ni mo ṣì wà. Mú ọmọ rẹ wá, kó wá jẹ gúrúdì.