Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ rò: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nínú ọgbà ẹ̀fọ́ orí dẹ́kìn

Ilé tí à ń gbé ní Òkè-Baálẹ̀, ní Òṣogbo, kò ní ẹ̀yìnkùlé rárá, nítorí náà nígbà tí ó wù mí láti máa jẹ ẹ̀fọ́ tí mo fọwọ́ ara mi gbìn, orí dẹ́kìn nìkan ni àyè kù sí. Mo ru ilẹ̀dú gòkè, mo tú u sí ojú kọnkéré bẹ́ẹ̀, mo sì fọ́n tẹ̀tẹ̀ sí i. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ dáadáa, iyẹ̀pẹ̀ ṣàn lọ dí ihò tí omi ń gbà jáde, omi dúró síbẹ̀ mọ́jú, àjà yàrá ìyá mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Wọn kò bínú; wọ́n kàn ní kí n wá wo ibi tí ẹní wọn ti rin.

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ dá irú ọgbà yìí, ẹ kọ́kọ́ ro ibi tí omi yóò gbà jáde àti bí yóò ti wúwo tó, kí ẹ tó ra irúgbìn. Lítà omi kan jẹ́ kílò kan, iyẹ̀pẹ̀ tí omi ti mu yó nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì 20 lítà sì lè wọn 30 kílò tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, èyí tí ó túmọ̀ sí pé 100 irú bọ́kẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ ti tó tọ́ọ̀nù 3 lórí àwọn tí ń sùn nísàlẹ̀. Bíríkìlà tí ó bá mi tún ibi tí ó ń jò ṣe fi ibi tí àwọn bíìmù gbà hàn mí, ó sì ní orí wọn àti etí ògiri tí ó ru dẹ́kìn ni kí n máa to ẹrù sí, kì í ṣe àárín gbùngbùn.

Bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà àtijọ́ tí mo lu nídìí ni mo ń lò báyìí. Mo gbé wọn lé orí pákó kí omi lè ṣàn lábẹ́ wọn, mo sì ń po ilẹ̀dú mọ́ èèpo ìrẹsì àti ìgbẹ́ adìyẹ tí ó ti jẹrà dáadáa, nítorí pé èyí tí ó bá ṣì tútù máa ń jó gbòǹgbò.

Oòrùn oṣù Èrèlé kò ṣe é fojú di. Kọnkéré a máa gbóná débi pé ẹsẹ̀ lásán kò lè tẹ̀ ẹ́, nítorí náà mo fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe ìbòòji, mo fi koríko gbígbẹ bo ojú iyẹ̀pẹ̀, mo sì ń bomi rin ín ní kùtùkùtù àti ní ìrọ̀lẹ́.

Tẹ̀tẹ̀ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé láàárín ọ̀sẹ̀ 3 sí 4 ẹ ó ti máa já a. Ewédú ni ó kọ́kọ́ dà mí láàmú: kò hù, mo sì rò pé irúgbìn náà ti bàjẹ́, láìmọ̀ pé èèpo rẹ̀ le tó bẹ́ẹ̀ tí omi kì í tètè ráyè wọ inú rẹ̀. Nísinsìnyí mo máa ń dì í sínú aṣọ, kí n tẹ̀ ẹ́ bọ omi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí iná fún nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 10, kí n sì sá a gbẹ kí n tó fọ́n ọn. Ata rodo ń fẹ́ sùúrù oṣù mélòó kan. Ní ti ẹfinrin àti ewúro, ẹ kàn máa rẹ́ wọn, wọn yóò tún rú.

Bí òjò bá ṣú ní ìrọ̀lẹ́, mo ṣì máa ń gòkè lọ kó ewé kúrò lẹ́nu ihò omi náà kí n tó sùn.