Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo lọ kí n tó wọlé

Oṣù méjì gbáko ni mo fi mọ ibi tí wọ́n ti ń ṣe ìpàdé àwọn tó fẹ́ jáwọ́ nínú ọtí kí n tó lọ. Wíwá a kò nira. Orí fóònù ni mo ti rí i lóru ọjọ́ kan, nígbà tí ará ilé ti sùn, tí ìgò sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ lọ́wọ́ mi. Ẹgbẹ́ Alcoholics Anonymous (AA), níbi tí àwọn ọ̀mùtí ti ń ran ara wọn lọ́wọ́ láti jáwọ́, ní áàpù kan, Meeting Guide lorúkọ rẹ̀. Ó gbé ìpàdé mẹ́rin tí kò jìnnà síwájú mi, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago. Méjì nínú wọn, wọ́n kọ “closed” sí i. Inú mi dùn, mo rò pé wọn kì í gba àlejò mọ́ ni. Mo pa fóònù, mo mu ìyókù ọtí mi. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo mọ̀ pé “closed” ni èyí tó wà fún kìkì ẹni tó bá fẹ́ jáwọ́ nínú ọtí, èmi gan-an nìyẹn. Èyí tí wọ́n kọ “open” sí ni ẹbí, ọ̀rẹ́ àti ẹni tó kàn fẹ́ mọ bó ṣe ń lọ lè bá wọn jókòó sí.

Ẹ jẹ́ kí n ti ẹnu bọ ọ̀rọ̀ kan kí n tó gbàgbé. Mo ti gbìyànjú láti dá ọtí dúró fúnra mi lẹ́ẹ̀kan, lójijì. Ọwọ́ mi gbọ̀n, òógùn bò mí, mi ò lè sùn. Dókítà tó yẹ̀ mí wò bá mi wí gidigidi. Ó ní ẹni tó bá ti ń mu púpọ̀ lójoojúmọ́ fún ìgbà pípẹ́, tó wá já a lójijì, ara rẹ̀ lè máa gbọ̀n bíi ti oníwárápá láàárín ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, ó sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í rí ohun tí kò sí níbẹ̀. Èyí lè pààyàn. Ìpàdé kì í ṣe ilé ìwòsàn. Dókítà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rí.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, inú mọ́tò ni mo jókòó sí títí ìpàdé fi parí. Lọ́jọ́ kejì, mo dé ẹnu ọ̀nà, mo sì gbọ́ ẹ̀rín. Ẹ̀rín gidi, ti àwọn tó ń gbádùn ara wọn. Inú bí mi. Kí ló ń pa ọ̀mùtí lẹ́rìn-ín? Mo yí padà. Lẹ́ẹ̀kẹta, ìyá kan tó ń to àga rí mi.

“Ṣé ìpàdé lẹ bá wá?”

“Rárá o, mà. Tọ́ílẹ́ẹ̀tì ni mò ń wá.”

Wọ́n fi hàn mí. Nígbà tí mo jáde, wọ́n ti gbé àga kan sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. “Tiyín nìyí. Tí kò bá bá yín lára mu, ẹ dìde, ẹ máa lọ. Ẹnikẹ́ni ò ní pè yín padà.” Wọn ò tún sọ nǹkan kan nípa tọ́ílẹ́ẹ̀tì.

Wákàtí kan ni. Ẹnì kan ka ìwé, lẹ́yìn náà ni oníkálukú ń sọ tirẹ̀, orúkọ àkọ́kọ́ nìkan. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀, a kì í já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀, a kì í sì í gbà á nímọ̀ràn. Nígbà tó kàn mí, mo mi orí, wọ́n sì fò mí. Nígbà tí apẹ̀rẹ̀ owó dé ọ̀dọ̀ mi, ìyá yẹn fi ojú sọ fún mi pé kí n jẹ́ kó kọjá. Ẹgbẹ́ náà kì í gba owó wíwọlé, kì í sì í gba ọrẹ lọ́wọ́ ará ìta.

Mi ò fẹ́ràn ìpàdé yẹn, kí n má purọ́. Bàbá kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé tó bá ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ẹ lè sùn kẹ́ ẹ tún jí. Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run tó pọ̀ nínú ìgbésẹ̀ 12 tí wọ́n ń tẹ̀ lé láti jáwọ́ náà ń ni mí lára nígbà yẹn. Mo gbìyànjú ẹgbẹ́ mìíràn, SMART Recovery, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 1994, tí kò fi ti ẹ̀sìn ṣe. Mo jàǹfààní níbẹ̀: wọ́n ní kí n pín ìwé kan sí mẹ́rin, kí n kọ èrè àti àdánù mímu, kí n tún kọ ti àìmu. Ìwé náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Àmọ́ ojú lọ̀rọ̀ wà. Mo fẹ́ rí ẹni tí ọwọ́ òun náà ti gbọ̀n rí. Ìpàdé kẹrin tí mo dán wò, aago méje àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ni mo fìdí kalẹ̀ sí.

Ìyàwó mi kì í bá mi lọ. Ó ní tirẹ̀: Al-Anon, tó wà láti 1951 fún àwọn tí ọ̀mùtí ń kó ìdààmú bá. Mi ò mọ ohun tó ń sọ níbẹ̀. Mi ò sì bi í.

Ìtàn kan tí mo gbọ́ ní ìpàdé tiwa kì í kúrò lọ́kàn mi. Ní 1935, Bill Wilson, ọ̀kan nínú àwọn méjì tó dá AA sílẹ̀, wà ní Akron, ní Ohio, ní Amẹ́ríkà. Ó ti tó nǹkan bí oṣù márùn-ún tó ti mutí kẹ́yìn, òwò tó bá wá sì ti dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó dúró ní òtẹ́ẹ̀lì, ó ń gbọ́ ariwo àwọn tó ń mutí. Dípò kó wọlé tọ̀ wọ́n, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ṣọ́ọ̀ṣì lórí fóònù, ó ń wá ọ̀mùtí kan tí òun lè bá sọ̀rọ̀. Dókítà Bob Smith, ọ̀mùtí bíi tirẹ̀, ni wọ́n fi í mọ̀. Smith ní ìṣẹ́jú 15 péré lòun máa fún un. Wọ́n jọ jókòó fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ohun tó dùn mọ́ mi ni pé kì í ṣe torí àánú Smith ni Wilson ṣe ń wá a. Ẹ̀rù ara rẹ̀ ló ń bà á.

Ọjọ́ 83 ni mo ṣubú. Kò sí ìdí gúnmọ́ kan. Mo kàn mu ún ni. Ìtìjú àtipadà lọ ju ti ọjọ́ àkọ́kọ́ lọ fíìfíì. Mo pe ẹ̀gbọ́n tó jẹ́ sponsor mi, ẹni tó ti ṣáájú mi jìnnà lórí ọ̀rọ̀ yìí, mo sì múra sílẹ̀ fún ìbáwí. Wọ́n ní, “Aago méje lọ́la. Jẹun kó o tó sùn.” Wọ́n pa fóònù.

Ẹgbẹ́ wa máa ń fún èèyàn ní ẹyọ kékeré kan fún wákàtí 24, òmíràn fún ọjọ́ 30. Mo ti ní méjì méjì báyìí. Ọ̀la ni ọjọ́ 41 mi. Èmi ni àga títò kàn lọ́sẹ̀ yìí, nítorí náà mo gbọ́dọ̀ débẹ̀ ní aago mẹ́fà ààbọ̀.