Àwọn àlejò ìdí àmù

Àpáta kan wà lẹ́yìn ilé wa ní Kubwa, l'Abuja. Láàárọ̀ ọyẹ́, àwọn alángbá á jáde wá yá oòrùn lórí rẹ̀. Akọ wọn, olórí pupa, á fi ọwọ́ méjèèjì tẹlẹ̀, á máa mi orí bí ẹni tó ń yin ara rẹ̀. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń kọjá lára wọn lọ sídìí ìkòkò aró mi, kò sì wá sí mi lọ́kàn rí pé kí n yà wọ́n sára aṣọ. Aládìrẹ ni mí. Ìyá mi, tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, ló kọ́ mi. Ohun tó kọ́ mi náà ni mò ń yà: Olókun, Ìbàdàndùn, ewé ẹ̀gẹ́, ẹyẹ.

Ìkòkò Ladi Kwali ló là mí lójú. Ẹni tó bá ti ná ogún náírà ti rí ìyá náà: òun ló ń mọ ìkòkò lẹ́yìn owó yẹn. Ọmọ ẹ̀yà Gbagyi ni, wọ́n bí i ní abúlé Kwali, ní nǹkan bí ọdún 1925, Ladi sì ni àwọn Hausa máa ń pe obìnrin tí wọ́n bá bí lọ́jọ́ Àìkú. Lọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀ ló ti kọ́ amọ̀ mímọ. Ní 1952, Michael Cardew, amọ̀kòkò kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dá ibi ìkọ́ṣẹ́ ìkòkò sílẹ̀ ní Abuja àtijọ́, tí a ń pè ní Suleja lónìí. Ladi wọ ibẹ̀ ní 1954, obìnrin àkọ́kọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀. Kò pẹ́ tí ìkòkò rẹ̀ fi dé London.

Nígbà tí mo fojú ara mi rí ọ̀kan, n ò lè kúrò níwájú rẹ̀. Àkéekèe, ejò, ọ̀nì, alángbá, gbogbo wọn yí ikùn ìkòkò ká. Ó fi ohun ẹlẹ́nu ṣóńṣó fín wọn sára amọ̀, ó wá fi amọ̀ funfun dí ojú ilà náà, lẹ́yìn náà ni iná ààrò ń bọ̀. Kò yà wọ́n láti ẹ̀gbẹ́ bíi ti ìwé ilé ẹ̀kọ́. Bí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ bu omi ṣe máa ń rí alángbá nílẹ̀ ló yà á: látòkè, ọwọ́ àtẹsẹ̀ nínà, ìrù sì ń bá yíyípo ìkòkò lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọwọ́ rẹ̀ ṣe mọ ọ́n. Ìkòkò á jókòó, òun á máa yí i ká.

Ọ̀rọ̀ náà kò fi mí lọ́rùn sílẹ̀, ni mo bá lọ sí apá Kwali lọ́dún tó kọjá. Màmá àgbàlagbà kan gbà mí láàyè kí n wo iṣẹ́ rẹ̀. Koríko gbígbẹ àti igi ló fi ń sun ìkòkò ní gbangba, kò sí ààrò kankan. Bí ìkòkò ṣe ń gbóná lọ́wọ́ ló ń wọ́n omi tí wọ́n rẹ èèpo èso igi irú sí lé e lórí, ara rẹ̀ á wá pọ́n. Mo fi Hausa bi í pé, "Màmá, kí ló dé tó jẹ́ alángbá àti àkéekèe ni?" Ó wò mí bíi pé mo béèrè ohun tí ọmọdé mọ̀. Ó ní, "Ta ló tún ń gbé ìdí àmù?"

Mo gbọ́ ọ títí mo fi délé. Ní ilé ìyá mi àgbà l'Abẹ́òkúta, wọ́n máa ń kìlọ̀ fún wa pé ká má ti ọwọ́ bọ abẹ́ àmù, nítorí àkéekèe fẹ́ràn ibi tútù. Àwọn tó ń bá ìkòkò gbélé ni Ladi yà sára ìkòkò! Èmi wá ń ya Olókun nínú ìlú tí kò ní òkun.

Àbúrò mi ọkùnrin, tó ń kun àwòrán, ti mọ̀ tipẹ́ pé ohun tó wà nítòsí ẹni là ń yà. Eruku òkúta tí wọ́n ń fọ́ ní Mpape ló ń pò mọ́ ọ̀dà rẹ̀ bó bá fẹ́ ya àpáta.

Mo bẹ̀rẹ̀ alángbá tèmi ní oṣù kìíní. Ó fìyà jẹ mí. Amọ̀ ń gba ilà tín-ín-rín. Ẹ̀kọ láfún, tí a fi ń dí aró lọ́nà lára aṣọ, kì í gbà á. Mo fi ìyẹ́ adìẹ yà á, ìka ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ̀ pọ̀. Ìrù rẹ̀ sán nígbà tí ẹ̀kọ gbẹ, aró sì gba ibẹ̀ wọlé. Aṣọ mẹ́ta bàjẹ́ báyìí. Ní ẹ̀kẹrin ni mo jẹ́ kí alángbá sanra, mo ká ìrù rẹ̀ yí ara rẹ̀ po, mo sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ojúlé tirẹ̀ bí a ṣe ń pín àdìrẹ sí igun mẹ́rin-mẹ́rin. Èyí dúró.

Èlú tí mo fi rẹ ẹ́, láti ilé ni wọ́n ti fi mọ́tò gbé e wá. Mo ti lọ wo àwọn aláró Kofar Mata ní Kano rí: ewé tiwọn yàtọ̀ sí èlú wa, inú kòtò ni wọ́n ń pò ó sí, ọkùnrin sì ni wọ́n, nígbà tó jẹ́ pé lọ́dọ̀ wa obìnrin ló ni aró, Ìyá Màpó, òrìṣà iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin, ló ni obìnrin náà. Síbẹ̀, dúdú kan náà ni.

Mo fi fọ́tò aṣọ náà ránṣẹ́ sí Màámi. Wọ́n pè mí lójú ẹsẹ̀.

"Àbẹ̀kẹ́, kí lorúkọ bátànì yìí? Tí kò bá lórúkọ, kí ni oníbàárà máa ní òun fẹ́?"

Mo ní, "Kwali ni, Màámi."

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní kí n bá àwọn rẹ ọ̀pá márùn-ún.