Ẹ má kó -prune pọ̀ mọ́ -delete: ohun tí ojú mi rí ní Lagere

Ọjọ́rú tó kọjá ló ṣẹlẹ̀, àyà mi ṣì ń já. Lagere, n'Ílé-Ifẹ̀ níbí, ni mo ti ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tẹ ìwé. Linux ni mo ń lò. find ni àṣẹ tí a fi ń wá fáìlì níbẹ̀: -delete ń pa ohun tó bá rí rẹ́, -prune ń ní kó fo fódà kan. Kọ̀ǹpútà kún, mo fẹ́ pa gbogbo .docx àtijọ́ rẹ́, àyàfi èyí tó wà nínú fódà ISE, níbi tí iṣẹ́ tí a kò tíì parí wà:

find . -path ./ISE -prune -o -name '*.docx' -delete

Ó kọ̀. Ó ní -delete ń mú -depth dání, -prune kì í sì ṣiṣẹ́ níbi tí -depth bá wà. Bí mo bá ta kú, kí n kọ -depth sí i fúnra mi. Mo kà á o, ẹ má sọ pé n kò kà á. Àwọn oníbàárà dúró lé mi lórí, mo rò pé ọ̀nà àbáyọ ló ń fi hàn mí. Mo kọ ọ́ sí i, mo tẹ Enter.

Mo ṣí ISE. Kò sí nǹkan kan. Mo tì í, mo tún un ṣí. Ọmọbìnrin tí yóò dúró níwájú àwọn olùkọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì jókòó sẹ́yìn mi gan-an.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un wò dáadáa."

Mo tún un wò. Ohun tí -delete bá pa kì í lọ sínú Trash.

"Chapter four mi ńkọ́?"

Ẹnu mi gbẹ. Kò bú mi, kò pariwo. Omijé rẹ̀ kàn ń kán sórí ìwé àfọwọ́kọ tó gbé lé ẹsẹ̀.

Orí mẹ́ta wà lórí fláàṣì rẹ̀. A tẹ ìkẹrin mọ́jú.

-depth ló ń mú kí find kọ́kọ́ tán ohun inú fódà kó tó kan fódà fúnra rẹ̀. Kó tó dé orí -prune, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Bí ẹ bá fẹ́ pa fáìlì rẹ́, èyí ni kí ẹ lò:

find . -name '*.docx' -not -path './ISE/*' -print

Ẹ ka orúkọ tó bá jáde tán kí ẹ tó fi -delete rọ́pò -print. -print ni kó ṣáájú, ẹ jọ̀ọ́.

Bó bá jẹ́ wíwá lásán, -prune dára, kì í wọ inú fódà náà rárá. -not -path ń wọ̀ ọ́, kì í kàn sọ ohun tó rí níbẹ̀ ni. Ti grep, àṣẹ tó ń wá ọ̀rọ̀ inú fáìlì, rọrùn: --exclude-dir=ISE.

Ṣùgbọ́n -print ni kó ṣáájú. Ká ní mo fi -print rọ́pò -delete nínú àṣẹ tí mo kọ -depth sí yẹn ni, gbogbo orúkọ inú ISE ni ǹ bá rí lójú mi kí ìkankan tó lọ.