Koríko àti Ẹbí Ẹ̀wà Lórí Ilẹ̀ Kan Náà: Ìrìnàjò Mi sí Oko Ẹran kan ní Òṣogbo

Ọ̀nà Ìkìrun ni mo gbà jáde ní Òṣogbo, ní ìparí oṣù kọkànlá, nígbà tí òjò ti dá tí koríko ẹ̀bá ọ̀nà sì ti ń gbẹ. Oko tí mo ń lọ kì í ṣe oko kòkó tàbí ti iṣu. Oko oúnjẹ ẹran ni, níbi tí bàbá olóko ti gbin koríko gíní àti sẹ́ńtúrò, ewéko afàyàfà kan tó jẹ́ ẹbí ẹ̀wà, pọ̀ fún màlúù àti ewúrẹ́ wọn.

Ó pẹ́ tí àwọn àgbẹ̀ Yúróòpù àti New Zealand ti ń gbin koríko pọ̀ mọ́ clover, ewéko kúkúrú kan tí òun náà jẹ́ ẹbí ẹ̀wà. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tútù ni clover fẹ́, ooru tiwa kò bá a lára mu. Sẹ́ńtúrò, sítáílò àti igi àgúnmánìyẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ náà níhìn-ín, nítorí pé ẹbí ẹ̀wà ni gbogbo wọn.

Mo ní, "Bàbá, kí ni ewé yìí ń ṣe tí koríko nìkan kò lè ṣe?" Wọn kò dá mi lóhùn kíá. Wọ́n fi ọkọ́ wú ìdí sẹ́ńtúrò kan, wọ́n gbọn iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ dànù, wọ́n sì gbé gbòǹgbò rẹ̀ sí mi lọ́wọ́. Kókó tíntìntín so mọ́ ọn bí ìlẹ̀kẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi èékánná la ọ̀kan, inú rẹ̀ pupa díẹ̀. Pupa yẹn ni àmì pé àwọn kòkòrò àìfojúrí tó wà níbẹ̀ ń ṣiṣẹ́: àwọn ló ń fa náítírójìn, èròjà tí ewéko fi ń dàgbà, láti inú afẹ́fẹ́ fún ewéko náà, koríko ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yóò sì jẹ nínú rẹ̀ nígbà tí ewé àti gbòǹgbò bá jẹrà, tàbí nígbà tí ẹran bá yàgbẹ́ sílẹ̀.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni mo gbà pé èrè rẹ̀ hàn jù lọ. Èròjà amáradàgbà inú koríko gíní tó ti gbó lè má tó ìdá 7 nínú 100, bó bá sì ti rí bẹ́ẹ̀, oúnjẹ kò ní í dà dáadáa nínú màlúù, ẹran yóò máa rù bí koríko tilẹ̀ pọ̀ níwájú rẹ̀. Sẹ́ńtúrò a máa pẹ́ kó tó gbẹ, èròjà náà sì pọ̀ nínú ewé rẹ̀.

Kí àwọn méjèèjì má baà pa ara wọn ló gba ọgbọ́n. Bí koríko bá ga jù, yóò ṣíji bo sẹ́ńtúrò. Bí a bá da yùríà, ajílẹ̀ tó kún fún náítírójìn, sí i, koríko nìkan ni yóò gbèrú. Bàbá pín pápá náà sí ọ̀nà mélòó kan, wọ́n ń kó ẹran láti ibì kan sí òmíràn, wọn kì í sì í jẹ́ kí wọ́n jẹ ẹ́ dé ilẹ̀. Níbi tí wọ́n ti ń lo clover, ìdá 30 nínú 100 ewéko pápá ni wọ́n sábà máa ń fẹ́ kó jẹ́, nítorí pé bó bá pọ̀ jù, afẹ́fẹ́ lè kún ikùn màlúù títí yóò fi kú.

Mo béèrè bí èmi náà ṣe lè bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní èèpo èso sẹ́ńtúrò le, kí n kọ́kọ́ fi omi gbígbóná rẹ ẹ́, kí n sì gbìn ín bí òjò àkọ́kọ́ bá ti fìdí múlẹ̀.