Iṣẹ́ Tó Yẹ Kó Parí Kí Ọkọ̀ Ojú Omi Tó Dé Etí Omi

Lẹ́yìn tí ọkọ̀ tiwa ti wọ omi láàárọ̀ yìí, mo dúró pẹ́ díẹ̀ sí i ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí a ti ń sọ ọkọ̀ kalẹ̀ láti orí tírélà tí mọ́tò ń fà, nítorí mo fẹ́ wo bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń ṣe tiwọn. Ohun tí mo rí tún mú èrò tí mo ti ní tẹ́lẹ̀ dá mi lójú: ọ̀pọ̀ àṣìṣe tó ń hàn ní etí omi kì í ṣe etí omi ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ó ti bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí ẹni náà kò dúró níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú kó múra sílẹ̀, tó wá lọ tààrà sórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tó ń tú okùn, tó ń wá kọ́kọ́rọ́, tó sì ń kó ẹrù sínú ọkọ̀ nígbà tí àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ̀ ti ń fun fèrè. Ẹni tí wọ́n ń fun fèrè mọ́ kì í rántí nǹkan tán.

Èyí tí ó ń dùn mí jù ni ti èdídí ihò ìdí ọkọ̀, nítorí ohun kékeré ni, ìpalára rẹ̀ sì pọ̀. A dá ihò náà sí kí omi òjò lè ṣàn jáde nígbà tí ọkọ̀ bá wà lórí ilẹ̀, àmọ́ bí a kò bá dí i kí a tó sọ ọkọ̀ kalẹ̀, omi gba ibẹ̀ wọlé ni. Ihò tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 2.5, tó wà ní sẹ̀ǹtímítà 30 sábẹ́ omi, lè gba nǹkan bí lítà 40 wọlé láàárín ìṣẹ́jú 1. Abẹ́ pákó ìtẹ̀sẹ̀ ni omi ọ̀hún sì máa ń fara pamọ́ sí, tó fi jẹ́ pé ìgbà tí ìdí ọkọ̀ bá ti wúwo ni ojú yóò tó já a. Mo fẹ́ràn kí a so èdídí náà mọ́ kọ́kọ́rọ́ ẹ́ńjìnnì nígbàkígbà tí ọkọ̀ bá wà nílé, nítorí kò sí bí ènìyàn yóò ṣe mú kọ́kọ́rọ́ tí kò ní fojú kan èdídí. Lẹ́yìn tí a bá sì ti dé e tán, kí a tún fọwọ́ kàn án.

Ti okùn náà gba àkíyèsí. Àwọn okùn tó de ìdí ọkọ̀ mọ́ tírélà ni kí a tú lókè níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú, kí a tó fẹ̀yìn rìn lọ sínú omi; bí a bá gbàgbé wọn, ọkọ̀ kò ní lè léfòó, omi sì lè bò ó láti ẹ̀yìn. Ti iwájú kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Òun ni a óò tú kẹ́yìn, nígbà tí ìdí ọkọ̀ bá ti ń léfòó, tí ẹnìkan sì ti di okùn mìíràn mú létí omi. Àwọn tó ń kánjú tú u máa ń rí i kí ọkọ̀ yọ̀ bọ̀rọ́ kúrò lórí tírélà, kó sì já lu kọnkéré.

Nípa fífi ẹ̀yìn rìn, kí ọwọ́ wà nísàlẹ̀ sítíárìn: ibi tí a bá gbé ọwọ́ sí ni ìdí tírélà yóò yà sí. Tírélà kúkúrú a máa tètè ṣẹ́ kọ́rọ́ ju èyí tó gùn lọ. Bó bá ti wọ́, kí a wa mọ́tò síwájú kí ó tún tọ́, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Kí awakọ̀ tó sọ̀ kalẹ̀, kí ó fa bíréèkì ọwọ́, kí a sì fi ìtì igi há táyà mọ́tò, nítorí ewédò tó lẹ̀ mọ́ kọnkéré létí omi máa ń yọ̀ gan-an.

Ìsinmi díẹ̀ lókè tún ṣe ohun kan tí ọ̀pọ̀ kò kíyè sí. Bíárìn táyà tírélà máa ń gbóná lójú ọ̀nà. Bó bá wọ omi tútù lójijì, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á sún kì, á sì fa omi wọlé, gíríìsì á bàjẹ́. Ìgbà tí a fi ń múra ni yóò fi tutù. Àsìkò yẹn náà ni kí a yọ wáyà iná tírélà, kí gílóòbù gbígbóná má baà fọ́ nínú omi, kí olúkúlùkù sì wọ ẹ̀wù amúniléfòó.

Ẹ́ńjìnnì ẹ̀yìn ọkọ̀ gbọ́dọ̀ wà lókè títí omi yóò fi jìn tó, kí abẹ́bẹ̀ rẹ̀ tó ń ti ọkọ̀ lọ má baà ha ilẹ̀. A kò sì gbọdọ̀ tan án lórí ilẹ̀ láìfún un lómi, nítorí omi ló ń tu rọ́bà inú pọ́ǹpù rẹ̀ lára, kò sì ní pẹ́ jó bí kò bá rí i. Bó bá jẹ́ ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù tó wà nínú ikùn ọkọ̀, kí fáànù tó ń fẹ́ òórùn epo síta ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 4 ó kéré tán kí a tó tan án. Òórùn epo yìí wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ìsàlẹ̀ ni ó máa ń gbá jọ sí, ìtapàrà kan péré sì tó láti mú un bú gbàmù. Bí ẹ́ńjìnnì ẹ̀yìn ọkọ̀ bá sì ti jí, kí a wo omi tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń tú jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí a kò bá rí i, kí a pa á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí a wo ẹnu ibi tó ti ń fa omi, bóyá koríko tàbí ọ̀rá ló dí i.